Ó-Ku-Díẹ̀ àti Ẹ́ńjìnnì Tó Yọ Dànù

Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ wà nínú ìwé àṣẹ ìwakọ̀ rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì mọ. Ó-Ku-Díẹ̀ ni gbogbo ayé ń pè é. Bó o bá pè é lórí fóònù láago mẹ́jọ àárọ̀ pé níbo ló gbé iyanrìn dé, á ní, "Ó ku díẹ̀." Bó o bá tún pè é láago méjìlá, á ní, "Ó ku díẹ̀ báyìí." Ìyá kan tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù tà, tó jẹ́ pé òun ló ń ra iyanrìn jù lọ́wọ́ rẹ̀, ló sọ ọ́ lórúkọ náà lọ́jọ́ kan tí àwọn òṣìṣẹ́ ìyá ọ̀hún jókòó ti sìmẹ́ńtì láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ láìrí iyanrìn pò mọ́ ọn. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó ní ẹni táyé ò bá kà sí ni wọn kì í fún ní ìnagijẹ.

Típà tó ń wà ti dàgbà. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló fi wà á fún ọ̀gá kan kí ọ̀gá náà tó darúgbó, tó sì tà á fún un. Láti ọjọ́ náà ni ìrìn rẹ̀ ti yàtọ̀. Á káwọ́ sẹ́yìn, á máa wo táyà ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, á máa mi orí bíi dókítà tó rí ohun tí kò fẹ́ sọ fún aláìsàn. Ohun kan ṣoṣo tí ipò ọ̀gá kò kọ́ ọ ni ìtọ́jú ọkọ̀. Nígbà tó ń wakọ̀ fún èèyàn, ẹni tó ni ọkọ̀ ló máa ń sọ pé ó tó àsìkò láti pààrọ̀ ọ́ìlì. Nígbà tó wá di ẹni tó ni ín, kò rẹ́ni sọ fún un. Ọ́ìlì ọ̀hún wà nínú ẹ́ńjìnnì títí tó fi dúdú, tó ki, tó sì ń fà bí ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì. Bí mẹkáníìkì bá bi í, á ní òun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ náà kò sì dé fún ọdún mẹ́ta.

Láàárín kòtò iyanrìn àti ìlú, òkè kan wà tí gbogbo awakọ̀ mọ̀ dáadáa. Tẹ́lẹ̀, gíà kẹta ni típà yìí fi ń gùn ún pẹ̀lú ẹrù. Ó di gíà kejì. Nígbà tó yá, ó di gíà kìíní, tòun ti èéfín tó dúdú débi pé ẹni tó bá wọ aṣọ funfun kọjá lẹ́yìn rẹ̀ á padà sílé lọ pààrọ̀ aṣọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ó ń gun òkè náà lọ, ó rọ̀ mọ́ sítíárì bí ẹni pé òun ló ń ti ọkọ̀, ló bá rí nǹkan kan tó ń yọ bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ọkùnrin kan ni, pẹ̀lú kẹ̀kẹ́. Kò tilẹ̀ gun kẹ̀kẹ́ ọ̀hún, ó ń tì í ni, ó sì di pákó mẹ́rin sẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó rí awakọ̀, ó sì kí i bí ọmọlúàbí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá."

Ó kọjá lọ. Ká ní èébú ló bú u, ì bá sàn.

Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ní yàrá iwájú, ó ń ran yúnífọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé kan. Aránṣọ ni. Nínú ilé náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ohun kan ń ṣiṣẹ́ déédéé, ẹ̀rọ obìnrin yìí ni.

"Bàbá Ìbejì, kí ló dé tí ojú yín rí báyìí?"

"Ẹ́ńjìnnì yẹn ti kú."

"Ṣé mẹkáníìkì ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ló ń bi mẹkáníìkì bóyá òkú ti kú?"

Obìnrin náà gé òwú pẹ̀lú eyín. "Òkú tó gbé yín délé nísinsìnyí ńkọ́?"

Ọkọ rẹ̀ ti ń ronú nípa ẹ́ńjìnnì mìíràn, èyí tí yóò jẹ́ kó kọjá lára kẹ̀kẹ́ bí ìjì.

Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá mẹkáníìkì, àgbàlagbà kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì pẹ̀lú ojú dídì. Bàbá gbọ́ ọ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún. Ó ní kó pa á. Ó wá tú asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì jáde, ó sì gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Eruku tó tú jáde pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọn ò rí ara wọn fún ìgbà díẹ̀.

"Ìgbà wo lo pààrọ̀ eléyìí kẹ́yìn?"

"Kò tíì pẹ́, Bàbá."

"Kò-tíì-pẹ́ ti ọdún wo?"

Ó-Ku-Díẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run bí ẹni tó ń wá òjò. Bàbá nu ọwọ́, ó sì jókòó sórí táyà kan.

"Ọ̀nà méjì ló wà. Èkíní, ká tú ẹ́ńjìnnì yìí palẹ̀, ká pààrọ̀ ríǹgì àti písítìn, ká tún àwọn nọ́súlù tó ń tu dísẹ́ẹ̀lì sí i ṣe. Bó o bá ń fẹ́ agbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a ó fi tọ́bò sí i tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ kún un. Ara rẹ̀ le, yóò gbà á. Èkejì, kó o ra òmíràn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju ọkọ̀ lọ sínú ọkọ̀, kì í ṣe ẹ́ńjìnnì nìkan ló pààrọ̀. Gíábọ́ọ̀sì á ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Radiétọ̀ á ní iṣẹ́ yẹn ju òun lọ. Bíréèkì ńkọ́? Bíbẹ́ orí kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Mo ti gbọ́, Bàbá. Mo máa rò ó."

Ríronú lọ́dọ̀ Ó-Ku-Díẹ̀, kó máa bi èèyàn kiri títí yóò fi rí ẹni tó máa sọ ohun tó fẹ́ gbọ́ ni. Ó bi onígbàjámọ̀ nígbà tí abẹ wà lọ́rùn rẹ̀. Ó bi ẹni tó ń ta káàdì fóònù. Ó bi ọkọ àbúrò rẹ̀, tíṣà kan tí kò wakọ̀ rí láyé, tí ìyẹn sì ya ẹ́ńjìnnì sórí bébà, tó ṣàlàyé fún odidi wákàtí kan, tó wá parí rẹ̀ pé ó sinmi lé bí ọ̀rọ̀ bá ṣe rí. Oṣù kan àbọ̀ ló fi ṣe èyí. Ìyá oníbúlọ́ọ̀kù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ra iyanrìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Níkẹyìn, ẹsẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ Ojúlówó. Ọkùnrin yìí ń ta ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Kò sí ohun tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí kì í ṣe ojúlówó, títí kan àga tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ kan. Ó tò àwọn ẹ́ńjìnnì sórí pákó, ó ti fi kẹrosíìnì wẹ̀ wọ́n, ó sì fi ọ̀dà fàdákà kùn wọ́n lójú bí ọmọge tó fẹ́ ya fọ́tò. Ó mú Ó-Ku-Díẹ̀ lọ síbi èyí tó tóbi jù.

"Ọ̀gá, ọkọ̀ tó ń fa àgbá epo gígùn ni wọ́n ti yọ eléyìí. Kò mọ òkè. Bí ẹ bá sọ fún un pé òkè rèé, á ní níbo?"

Ó ṣí i. Ilẹ̀ mì. Àwọn nọ́ọ̀tì irin tó wà lórí tábìlì ń jó, ife tíì kan rìn dé etí tábìlì, ó sì já bọ́. Nǹkan kan ṣí láyà Ó-Ku-Díẹ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi.

"Agbára ẹṣin mélòó ló wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí?"

Ojúlówó wo òrùlé díẹ̀, ó sì dá iye kan. Ó-Ku-Díẹ̀ mi orí bí ẹni tó mọ̀ ọ́n. Bí ọkùnrin náà bá dá ìdajì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ì bá ṣe mi orí.

Nígbà tó sọ fún ìyàwó rẹ̀, obìnrin náà dá ẹ̀rọ dúró. Owó tí wọ́n ń tọ́jú láti fi pààrọ̀ páànù ilé ni ọkọ rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ kan," ló wí. "Oníbàárà mi kan gbé bùláòsì tẹ́ẹ́rẹ́ wá, ó ní kí n fi sípì aṣọ òtútù sí i lẹ́yìn, nítorí sípì kékeré máa ń já mọ́ òun lára. Mo ní kó má ṣe é. Ó ní òun lòun ni aṣọ. Mo fi sí i. Sípì ò já. Aṣọ ló ya."

"Aṣọ kọ́ ni mò ń wà."

"Mo mọ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ ni, ẹ̀rín nìkan ni wọn ì bá fi yín rín."

Ó ra ẹ́ńjìnnì náà. Bàbá mẹkáníìkì fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni iṣẹ́ ń jẹ́. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi bá a jìjàkadì. Ó gùn jù, wọ́n sì ní láti ti radiétọ̀ síwájú. Ó ga jù, wọ́n ní láti gé ojú bónẹ́ẹ̀tì, tí orí ẹ́ńjìnnì fi yọ síta bí ikùn ẹni tó yó tí bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ kò pa dé mọ́. Ẹnu rẹ̀ kò bá ti gíábọ́ọ̀sì mu, wọ́n wá fi irin pẹlẹbẹ kan so àwọn méjèèjì pọ̀ bí tọkọtaya tí àwọn mọ̀lẹ́bí fi dandan fẹ́ fún ara wọn.

"Èyí tí a yọ yìí ńkọ́?" ni bàbá bi í, ó tọ́ka sí ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ má jẹ́ kí n rí i mọ́. Mo fi ta yín lọ́rẹ. Ẹ tà á fún oníirin."

"Ó dáa. Àmọ́ gbọ́ o. Má gbé ẹrù sí ọkọ̀ yìí títí a ó fi ṣe bíréèkì rẹ̀. Bíréèkì ẹni tó ń rìn jẹ́jẹ́ ló ní."

"Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ gun òkè ná, Bàbá."

Ó sì gùn ún. Gíà kẹrin ló fi gùn ún. Nígbà tó dókè tán, ó yí padà, ó rọra sọ̀ kalẹ̀, ó sì tún un gùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ṣe bẹ́ẹ̀ láìgbé nǹkan kan dání, ó ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì, bóyá yóò rí kẹ̀kẹ́. Kò sí kẹ̀kẹ́ kankan lọ́nà lọ́jọ́ náà. Ó pe ìyá oníbúlọ́ọ̀kù lórí fóònù fúnra rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun níṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, pé ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ìyá náà ní kó gbé iyanrìn wá láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n bu iyanrìn sí ọkọ̀ títí tó fi kún. Ó ní kí wọ́n fi kún un. Àwọn tó ń bu iyanrìn wo ara wọn, wọ́n sì fi kún un. Òkè ò jẹ́ nǹkan kan fún ẹ́ńjìnnì náà, òótọ́ ni Ojúlówó sọ. Ó kọjá lára ọkọ̀ méjì, ó fọn fèrè fún àwọn méjèèjì. Ó dókè. Ibẹ̀ ni orin rẹ̀ ti yí padà, nítorí ohun tó bá gòkè á sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ẹni tó bi Ojúlówó nípa ìsọ̀kalẹ̀.

Ó tẹ bíréèkì, ọkọ̀ dẹwọ́ díẹ̀. Ó tún un tẹ̀, òórùn rọ́bà tó ń jó wọ inú ọkọ̀. Ní ìgbà kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ kan ilẹ̀, bí ẹni tó tẹ omi. Ó fẹ́ fi gíà fà á, ó já a sí gíà kejì. Irin pẹlẹbẹ ọjọ́sí dún gbà, gíà sì fò jáde. Iyanrìn tó ju ìwọ̀n lọ wá ń ti ọkọ̀ tí kò sí ohun tó dá a dúró mọ́.

Ọkùnrin náà kò rántí agbára ẹṣin. Àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì ló rántí, bí wọ́n ṣe máa ń jà lórí ẹni tí yóò gbé báàgì bàbá wọn wọlé. Ó rí àwọn òṣìṣẹ́ títì níwájú tí wọ́n jókòó ti òkìtì òkúta wẹ́wẹ́, ó fọn fèrè, kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Ó darí ọkọ̀ sínú òkìtì náà. Bó ti wù kó rí, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ọwọ́ awakọ̀ tó mọṣẹ́ ló ṣe ìyẹn. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ gun òkìtì, ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, gbogbo iyanrìn sì dà sí ojú títì. Nígbà tí wọ́n fà á jáde, iyanrìn wà nínú etí rẹ̀ méjèèjì, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ti yẹ̀. Ṣásì tó gbé ọkọ̀ ró ti lọ́ bí aṣọ tí wọ́n ń fún. Ẹ́ńjìnnì náà nìkan ni nǹkan kan kò ṣe. Ó dùbúlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ń bú ramúramù, àfìgbà tí ẹnì kan lọ pa á.

Nígbà tí ìka rẹ̀ san díẹ̀, ó lọ bá Ojúlówó jà. Ojúlówó gbọ́ ọ tán, ó sì bi í ní pẹ̀lẹ́, "Ọ̀gá, ṣé ẹ́ńjìnnì bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́."

"Ẹ ò rí i pé ojúlówó ni?"

Ó ta ẹ́ńjìnnì náà padà fún un ní iye tí kò tíì sọ fún ìyàwó rẹ̀ títí dòní. Oníirin ló wá kó ìyókù ọkọ̀, ó gé e sí wẹ́wẹ́ níbi tó dùbúlẹ̀ sí. Bí ẹni tó di ọ̀gá ṣe bọ́ nípò ọ̀gá nìyẹn.

Oṣù mẹ́rin ló fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi òwú bọ abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n ó ń sọ fún àwọn oníbàárà pé ọrùn aṣọ wọn ì bá dáa ju báyìí lọ. Ó gba àwọn kan nímọ̀ràn pé kí wọ́n ran òmíràn. Lọ́jọ́ tí oníbàárà kẹta kó aṣọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ aránṣọ mìíràn, ìyàwó rẹ̀ bọ́ òṣùwọ̀n kúrò lọ́rùn, ó sì gbé e sórí tábìlì.

"Bàbá Ìbejì, mo bẹ̀ yín. Ẹ lọ wá iṣẹ́ tó jìnnà síbí."

Ní gbogbo àkókò tí èyí ń lọ, ìyá oníbúlọ́ọ̀kù ti ra típà tirẹ̀. Iyanrìn tó dà sójú títì ti tó o gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́. Ara ọkọ̀ tó rà dára, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti là. Ó lọ bá bàbá mẹkáníìkì, ìyẹn sì fi ẹ́ńjìnnì kan hàn án lábẹ́ tapólì. Ó ní irú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n ti yọ ọ́, yóò wọlé wẹ́rẹ́. Ìbéèrè mẹ́ta ni ìyá náà bi.

"Ṣé ó lè gbé ẹrù mi?"

"Bí mo bá tún un ṣe, tí mo fi tọ́bò sí i, yóò gbé e."

"Ìgbà wo ni mo gbọ́dọ̀ máa pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀?"

Bàbá sọ fún un, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan.

"Kí ló ṣe é lọ́wọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀?"

"Ẹnu."

Ìyá náà kò bi ìbéèrè kẹrin. Bíréèkì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó ku awakọ̀. Ó ránṣẹ́ sí Ó-Ku-Díẹ̀.

Ọkùnrin náà wọ ẹ̀wù tí ìyàwó rẹ̀ lọ̀ fún un, ó sì múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa bí ayé ṣe ń yí. Ìyá oníbúlọ́ọ̀kù kò jẹ́ kó sọ ọ́. Ó wà láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù tútù, ó ń bu omi wọ́n wọn, kò sì gbé kọ́ọ̀pù ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ọkọ̀ wíwà, o mọ̀ ọ́n. Ẹni tó darí ọkọ̀ yẹn sínú òkúta láìpa èèyàn, awakọ̀ ni. Ọkọ̀ níní ni o ò mọ̀. Nítorí náà, èmi ni n óò ni ín, ìwọ ni wàá máa wà á. Ṣé ó yé ọ?"

"Ó yé mi, Màmá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára, ṣùgbọ́n kò rí ibi tí yóò ti jà á níyàn. Ó bọ́ sínú ọkọ̀, ó ṣí i. Bó ti dún, ó tẹ́tí sí i. Ó tún gbọ́ ọ. Ó pa á, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì gbé bónẹ́ẹ̀tì sókè. Àpá ibi tí wọ́n ti jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lápá òsì wà níbẹ̀. Ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ti jó o lọ́dún tí ìyàwó rẹ̀ wà nínú oyún. Bàbá mẹkáníìkì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ó ń fi àkísà nu sípánà kan.

"Bàbá, ẹ́ńjìnnì wo rèé?"

"Èyí tó kú."

Ó-Ku-Díẹ̀ gbé ọwọ́ lé e. Ó ti ń gbóná díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bí ogún ọdún ló fi wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó sì ti bú u fún ọdún mẹ́ta nínú rẹ̀. Nígbà tó yá, ó fara balẹ̀ pa bónẹ́ẹ̀tì dé, bí ẹni tó ń ti ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ ń sùn sí, ó sì lọ gbé iyanrìn.

Gíà kẹta ló fi ń gun òkè báyìí. Kì í yára jù, kì í dúró. Bí ọjọ́ ọ́ìlì bá pé, ìyá oníbúlọ́ọ̀kù á kọ ọ́ sára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀ pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì, Ó-Ku-Díẹ̀ á sì gbé ọkọ̀ lọ láìjiyàn.

Ẹnu rẹ̀ ni kò sí mẹkáníìkì tó lè tú palẹ̀. Ní kòtò iyanrìn, bí àwọn awakọ̀ bá bi í pé báwo ni ọkọ̀ yẹn ṣe ń gun òkè tó bẹ́ẹ̀, á fẹ̀yìn ti táyà, á ní òun lòun gba Màmá nímọ̀ràn pé kí wọ́n tún ti àtijọ́ ṣe. Á ní wọ́n fẹ́ ra òmíràn, òun ò gbà. Awakọ̀ kan gbà á gbọ́, ó lọ tún ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ náà ṣe, ó sì dára fún un, ló bá gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fi dúpẹ́. Ó-Ku-Díẹ̀ gbà á, ó mu ún.

Nígbà tí ìyá oníbúlọ́ọ̀kù ra ọkọ̀ kejì, Ó-Ku-Díẹ̀ wọ ọ́fíìsì lọ bá a, ó ní ó yẹ kí òun máa bójú tó ìtọ́jú ọkọ̀ méjèèjì, nítorí ìmọ̀ tí òun ní nípa ẹ́ńjìnnì.

"Padà sídìí sítíárì," ni ìyá náà wí, kò gbójú kúrò lórí ohun tó ń kọ.

Ó sì padà.